Ta ló wà lórí kọ́ìnì yìí? Ìjíròrò lórí àwọn tí ìtàn Ìlú Ọba fò dá

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo lọ ra ṣọkọ àti ata rodo ní Peckham ní Sátidé tó kọjá. Nínú ṣéńjì tí obìnrin tó ń tajà fún mi, mo rí 50p kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Orí Ọbabìnrin Elizabeth wà lójú kan. Lójú kejì, ìlà lásán ni, wọ́n ń gba ara wọn kọjá bí àwọ̀n apẹja, wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé onírúurú èèyàn ló kọ́ Ìlú Ọba. Mo fi han bàbá Tóbi. Ó ní ìpọ́nni lásán ni, pé kò lè dín owó ilé kù. Èmi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣebí wọ́n ṣì gbà pé a ṣe nǹkan. Tóbi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gba owó náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ta wá ni, Mọ́mì?" Ẹnu mi wọhò. Ẹ bá mi dá a lóhùn. Ta ni? Ṣé irú èyí sì tó láti fi rántí àwọn tí ìwé ìtàn fò dá?

Ìyá Tóbi

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Ìyá Tóbi, kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Tóbi, kò ní ṣì yín gbọ́.

Oṣù Kẹwàá 2020 ni kọ́ìnì yẹn jáde, nígbà tí Rishi Sunak ń bójú tó àpò ìjọba. Àwọn tó jà fún un kò béèrè ìlà. Ojú èèyàn ni wọ́n ń béèrè, nítorí kò tíì sí aláwọ̀ dúdú tàbí ọmọ Éṣíà kan tí orí rẹ̀ wà lórí owó bébà Bank of England. Wọ́n dárúkọ Mary Seacole, obìnrin Jamaica tó tọ́jú ọmọ ogun. Wọ́n dárúkọ Noor Inayat Khan, ọmọ ará Íńdíà tó ṣe amí fún Ìlú Ọba ní ilẹ̀ Faransé nígbà ogun Hitler, tí àwọn Jámánì pa ní Dachau ní 1944. Àwọ̀n apẹja ni wọ́n rí gbà.

Iṣẹ́ ọnà yẹn kò burú. Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́dún 2020 yẹn kan náà, lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà, èrò ní Bristol fi okùn fa ère Edward Colston lulẹ̀, wọ́n yí i bí àgbá epo títí dé etí omi, wọ́n tì í sínú rẹ̀. Oníṣòwò ẹrú ni Colston. Láti 1895 ni ère rẹ̀ ti dúró síbẹ̀ tòun ti bàtà, tòun ti irun àdìlé, tòun ti orúkọ lára òkúta ìsàlẹ̀. Ẹni tó ta èèyàn ní ojú, ó ní imú. Àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n tà, wọ́n fún wọn ní ìlà.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí, ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti wà ní London. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ẹ jẹ́ kí n máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìsinmi iṣẹ́ bá ṣe gbà mí láyè.

* * *

ÈSÌ KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Fọ́tò kan wà tí Camille Silvy yà ní London ní 1862. Obìnrin dúdú kan ni, gáùnù rẹ̀ fẹ̀ yí i ká bí agboòrùn, kò rẹ́rìn-ín. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n ń pè é.

Ẹ tú orúkọ yẹn wò. Forbes ni ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀zò ọba Dàhòmì ní 1850. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ọkọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá fi mọ́tò gbé ọmọ kan láti Ìsẹ́yìn wá sí Èkó, ṣé Dánfó la ó máa pè é títí ayé?

Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló kó Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, nílẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa báyìí. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n mú un lọ, kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ. Gẹ̀zò fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ, Victoria sì gbà á bí ọmọ ìsàmì, ó sanwó ìtọ́jú rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1862, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sàró, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú. Nínú ìwé ìgbéyàwó yẹn, orúkọ tó ṣáájú gbogbo orúkọ ni "Ina".

Àìná nìyẹn. Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ a máa kọ ọ́ kọjá bíi pé orúkọ kan ṣáá ni. Àwa mọ̀ pé àmútọ̀runwá ni, ọmọ tí okùn ìwọ́ bá lọ́ mọ́ lọ́rùn wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta péré, ó sì ti sọ fún wa bó ṣe wáyé, pé ìyá kan rọbí, pé agbẹ̀bí kan yára tú okùn lọ́rùn ọmọ ní ìlú kan tí wọ́n padà wá kó. Gbogbo orúkọ rẹ̀ yòókù, ẹlòmíì ló gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Wọ́n ti ń rántí rẹ̀ báyìí. Ní 2016 wọ́n kan àmì ìrántí mọ́ ilé kan ní Gillingham, níbi tó gbé pẹ̀lú ìdílé Schön nígbà tó ṣì kéré. Ní 2020 English Heritage, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ní England, gbé àwòrán rẹ̀ tí Hannah Uzor yà kọ́ ní Osborne, ilé ìsinmi Victoria. Mo kan sáárá sí wọn.

Àmọ́ kí n tó bú òyìnbó tán: ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní Madeira lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1880, ọkọ rẹ̀ sì gbé òpó òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún un ní Ijon, níwọ̀-oòrùn Èkó, níbi tó dá oko kòkó sí. Ohun tó wà lára òkúta yẹn ni Princess Sarah Forbes Bonetta, aya ọlọ́lá J.P.L. Davies. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, lórí ilẹ̀ wa. Kò sí Àìná níbẹ̀.

* * *

ÈSÌ KẸTA

Ẹnì kan fèsì láti Manchester pé ọmọ ọlọ́rẹ ni Àìná, pé kò kọ́ afárá, kò jagun, kí ló wá fi kún ìtàn Ìlú Ọba? Èyí ni mò ń gbọ́ jù lẹ́nu àwa fúnra wa. À ń wo ìrántí bí ẹni ń wo sìfí: kí lo ti ṣe rí, ọdún mélòó lo fi ṣe é?

Ẹlòmíì ní òun kórìíra kí wọ́n máa sọ pé a "dá sí" ìdàgbàsókè wọn. Ó ní ẹni tó ń dá èésú mọ iye tó ń dá, ó mọ ẹni tó ń gba owó, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò kó o. Ta ló pè wá síbi èésú? Wọ́n kó wa lówó ni.

Mo fara mọ́ ẹni kejì yìí, àmọ́ kì í ṣe tán-ń-tán. Ẹ wo Davies, ọkọ Àìná. Kó tó di oníṣòwò, ó wà nínú ọkọ̀ ogun HMS Bloodhound nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Àjàyí Crowther náà, tí àwọn agbéniṣẹrú kó ní Ọ̀ṣogùn ní 1821, wà lára àwọn tó lọ rọ àwọn aláṣẹ ní London lọ́dún 1851 kan náà pé kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ Èkó nítorí òwò ẹrú. Ṣé wọ́n kó wọn lówó ni àbí wọ́n dá a? Ẹni tí wọ́n tà rí ló ń pe ìbọn wá pa ọjà tí wọ́n ti tà á, ìbọn yẹn náà ló sì la ọ̀nà fún àwọn tó gba Èkó ní 1861. Mi ò lè fi òkè kan gbé èyí.

Nítorí náà ni mo ṣe lòdì sí àwọn tó ń fẹ́ kí gbogbo ìrántí jẹ́ ìyìn. Oríkì pàápàá kì í ṣe ìyìn nìkan. Ẹ tẹ́tí sí akéwì dáadáa, yóò sọ ẹni tó ga, yóò sọ ẹni tó ń jẹ gbèsè, yóò sọ bàbá ńlá tó lu ìyàwó ẹlòmíì lóko, ọmọ onílé á sì máa yọ owó. Nǹkan bí gbólóhùn méjì ni wọ́n máa ń kọ sára àmì aláwọ̀ búlúù tí òyìnbó ń kàn mọ́ ògiri, adùn nìkan ló sì máa ń wà níbẹ̀.

Crowther tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì kan gba iṣẹ́ Ọya mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn 1891. Ní 2014, tí oyè yẹn pé 150 ọdún, Àrísíbíṣọ́ọ̀bù Justin Welby tọrọ àforíjì ní Canterbury náà lórí ohun tí ìjọ ṣe fún un. Ìrántí tí mo fẹ́ nìyẹn: wọ́n sọ ohun tó ṣe, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Àjàyí náà kúkú jẹ́ àmútọ̀runwá, ọmọ tó dojú délẹ̀ wáyé. Bíbélì Yorùbá tó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

* * *

ÈSÌ KẸRIN

Ẹni tó ní ká fi òkú sílẹ̀ ká gbájú mọ́ físà, mo gbọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní 2010, Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, da àwọn káàdì ìwọ̀lú àtijọ́ nù, èyí tí àwọn ará Kàríbíánì gbà nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀. Nígbà tó fi máa di 2018, gbogbo ayé gbọ́ pé àwọn tó ti ń gbé níbí láti kékeré, tí wọ́n ti fi ogójì ọdún san owó orí, ni wọ́n ń lé níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń ti àwọn mìíràn mọ́lé, tí wọ́n tiẹ̀ dá àwọn kan padà sí ìlú tí wọn ò mọ̀ mọ́, nítorí wọn ò ní ìwé tó fi ọjọ́ tí wọ́n dé hàn.

Ní oṣù Kẹfà 2022, wọ́n ṣí ère Windrush, tí wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn ará Kàríbíánì wá pè, ní ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo: ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọmọ kan, gbogbo wọn múra bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró lórí àpótí ẹrù. Mo máa ń kọjá níbẹ̀. Ó rẹwà, iṣẹ́ Basil Watson ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní orúkọ. Ìjọba tó da orúkọ nù ló gbé ère aláìlórúkọ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi rí i bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní mo ti ń wá ẹ̀sùn.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN

Ẹ̀gbọ́n kan bèèrè pé ta ló kù nílé tó ṣì mọ ẹni tó lọ Bọ́mà. Bàbá ìyá mi lọ. Ìsẹ́yìn ló ti wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, agolo Ovaltine kan wà lórí pẹpẹ nínú yàrá rẹ̀, ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú bájì aṣọ kan tí ìdin ti jẹ létí. Aláǹtakùn dúdú wà lára bájì náà. Èmi rò pé ti ìmọ́tótó ni, mo rò pé wọ́n fi ń lé aláǹtakùn! Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, àwọn tó rù ẹrù lórí gba inú igbó òkè àfonífojì Kaladan lọ bá àwọn Japan.

Ó lè jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó má sọ̀rọ̀ ogun yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tó sọ pé, "Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò." Ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn Japan bá wọn ní etí odò Kaladan, ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti ará Sàró kan, David Kagbo, ni wọ́n jọ fara pamọ́ nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ládùúgbò náà, Shuyiman, ló ń bọ́ wọn, ló padà fi wọ́n pamọ́ sílé, bẹ́ẹ̀ ikú ló wà níbẹ̀ fún un tí wọ́n bá mú un. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ní Emùré, wọ́n ti gbà pé ó ti kú. Nígbà tó ti di arúgbó, oníròyìn kan bá a gbé lẹ́tà ọpẹ́ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman, wọ́n rí wọn. Ní 2012 ló kú.

Ní London, nítòsí ààfin Buckingham, àwọn òpó ìrántí mẹ́rin wà ní Constitution Hill tí ọbabìnrin ṣí ní 2002 fún mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn tó wá ràn Ìlú Ọba lọ́wọ́ nínú ogun méjèèjì. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ kan, ojú ń ta mí, mo ń wá ibi tí bàbá ìyá mi wà. Íńdíà wà níbẹ̀, Pakistan wà níbẹ̀, Bangladesh, Sri Lanka, Nepal. Fún wa, ọ̀rọ̀ kan ni: Africa. Gbogbo ilẹ̀ yẹn láti Cape dé Cairo, ọ̀rọ̀ kan.

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní oṣù Kẹrin 2021, Commonwealth War Graves Commission, àwọn tó ń tọ́jú sàréè ọmọ ogun, tẹ ìwádìí jáde nípa ara wọn. Wọ́n gbà pé lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, nǹkan bí 45,000 sí 54,000 òkú láti Áfíríkà, Éṣíà àti àwọn ibòmíì ni wọn ò bọlá fún bí wọ́n ṣe bọlá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ó kéré tán 116,000 mìíràn, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ alárùú ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti ará Íjíbítì, ni wọn ò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ tàbí tí wọn ò tilẹ̀ rántí rárá, iye yẹn sì lè tó 350,000. Mínísítà ètò ààbò tọrọ àforíjì ní ilé ìgbìmọ̀. Nínú ìwádìí náà ni ọ̀rọ̀ gómìnà Gold Coast (Ghana òní) kan wà láti 1923, tó ní ará ibẹ̀ lásán kò lè mọyì òkúta orí sàréè.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Àwa ni wọ́n ń sọ irú èyí fún, àwa tí a máa ń sin bàbá sínú yàrá kó má baà jìnnà síni, tí a máa ń na ẹ̀kọ sílẹ̀ fún un lójúbọ, tó ń padà wá nínú agọ̀ lọ́dọọdún kí àwọn ọmọ rẹ̀. Orúkọ bàbá ńlá mẹ́fà lè wà lẹ́nu obìnrin kan tí kò rí ìwé rí.

Kí n sọ òótọ́ tó kù. Ìwé inú agolo yẹn, orúkọ tí akọ̀wé ológun kọ síbẹ̀ ni "Salami Iseyin". Orúkọ ìlú ló fi ṣe orúkọ bàbá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún púpọ̀ nínú wọn nígbà yẹn. Sàláámì Àkànní ni bàbá ìyá mi. Mélòó ni Sàláámì Ìsẹ́yìn tó lọ ogun yẹn? Àwa náà, kí la ṣe? Èkó ní ère ọmọ ogun kan tẹ́lẹ̀, gbogbo ayé ń pè é ní Sójà Idúmọ̀tà. Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, ọ̀nà ọjà gba ibẹ̀. Orúkọ àdúgbò lòun náà ń jẹ́.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ

Lórí Seacole, ìjà ti ń bọ̀, mo rí i. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ọmọ Kingston ní Jamaica ni, wọ́n bí i ní 1805. Nígbà ogun Crimea, ó bẹ̀ wọ́n ní London kí wọ́n rán òun lọ tọ́jú ọmọ ogun, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó fi owó ara rẹ̀ lọ. Ní 1855, òun àti alábàáṣe rẹ̀ fi páànù àti pákó àjákù kọ́ ilé kan lẹ́bàá Balaclava, wọ́n pè é ní British Hotel. Ó ń ta ọbẹ̀, ó ń ta ọtí, ó ń fún èèyàn lóògùn, ó ń gun ìbaaka lọ bá àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ó jẹ gbèsè nígbà tí ogun parí. Nígbà tó kú ní 1881, wọ́n gbàgbé rẹ̀ débi pé ní 1973 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún sàréè rẹ̀ ṣe. Ní 2016, wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn St Thomas', ó kọjú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lódìkejì odò Thames.

Àwọn tó fẹ́ràn Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì òyìnbó tó lókìkí nígbà ogun Crimea kan náà, bínú. Wọ́n ní ilé ìwòsàn Nightingale nìyẹn, pé oníṣòwò oúnjẹ ni Seacole, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì gidi, gbà pẹ̀lú wọn.

Èmi ò gbà. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá alágbo ní gáréèjì láàárọ̀ kùtùkùtù mọ̀ pé kò sí ààlà láàárín títà àti títọ́jú. Ó bù ú sínú ife, ó bi ọ́ bóyá o sùn, ó wo ojú rẹ, ó ní má mu ọ̀pá ẹ̀yìn lónìí, jẹ̀dí ló ń dà ọ́ láàmú. O sanwó. Ṣé owó tí o san ló sọ pé kò tọ́jú ẹ? Iṣẹ́ mi lálẹ́, ìdajì rẹ̀ ni kí n wo bóyá bàbá arúgbó kan jẹun. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sára ère kankan.

Wọ́n máa ń sọ pé ère Seacole ni ère obìnrin dúdú àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba tó ní orúkọ. Ẹ gbọ́ ìparí gbólóhùn yẹn. Ọ̀kan ti wà ní Stockwell láti 2008, ìyá kan tó gbé ọmọ sókè, ó dára gan-an. "Obìnrin Onídẹ" lásán ni wọ́n ń pè é.

Tiwa náà wà tí kò ní ère rárá. Adénrelé Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, dé Ìlú Ọba ní 1935, ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Guy's, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1941, nígbà tí bọ́ǹbù ń já lu London. Colonial Film Unit, ẹ̀ka fíìmù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fíìmù nípa rẹ̀, wọ́n ń gbé e káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí àwọn èèyàn lè rí bí ọmọ ọba Ẹ̀gbá ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ lọ wá a: kò sí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù.

* * *

ÈSÌ KEJE

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká lọ gba àmì búlúù fún Adénrelé tàbí fún Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kó tó di pé ẹ kọ lẹ́tà. Ti English Heritage nìyí: ẹni náà gbọ́dọ̀ ti kú fún ogún ọdún. Ilé tó gbé gbọ́dọ̀ ṣì dúró bó ṣe wà láyé rẹ̀. Onílé gbọ́dọ̀ gbà.

Òfin yẹn jọ òfin tí kò ṣojúsàájú. Ó ṣe é. Ẹni tó bá lówó ra ilé ní Kensington, ilé rẹ̀ á dúró, orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé ilé. Àwọn tiwa ń gba yàrá, wọ́n ń kó kúrò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta nítorí onílé tí kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú, àdúgbò tí wọ́n sì ń rí gbé ni bọ́ǹbù wó, tàbí tí káńsù wó lẹ́yìn ogun. Abájọ tí àwọn ẹni dúdú àti ọmọ Éṣíà kò fi ju nǹkan bíi mẹ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí English Heritage fúnra wọn gbà lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹgbẹ́ Nubian Jak, tí kì í ṣe ti ìjọba, kò dúró dè wọ́n, láti 2006 ló ti ń kan tirẹ̀ mọ́ ògiri.

Ti Ṣólàńkẹ́ dùn mọ́ mi ju gbogbo wọn lọ, nítorí èésú gidi ló dá. Ọmọ Abẹ́òkúta, ó wá kọ́ òfin, ó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní London ní 1925. Akẹ́kọ̀ọ́ ò rí ilé gbà. Láti 1929 dé 1932 ló fi rin Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gambia, ó ń gba owó lọ́wọ́ ọba, lọ́wọ́ oníṣòwò, lọ́wọ́ àwọn tí kò ní rí London láéláé, ó fi ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden ní 1933. Adénrelé gbé ibẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ẹ tún gbọ́: ní 1924 ló sọ Yorùbá lórí rédíò, ẹni àkọ́kọ́ láyé. Mo ti sọ èyí fún ogún èèyàn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nínú wọn, òmíì nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ rédíò.

Lórí oṣù Kẹwàá, oṣù ìtàn àwọn ẹni dúdú, láti 1987 ló ti wà níbí. Mi ò ní bú u. Àmọ́ ilé ìwé ọmọ mi fún wa ní ìwé pé kí wọ́n wọ aṣọ "Áfíríkà" wá, kí a se jọ́lọ́ọ̀fù. Mo sè é. Ọmọ dé, mo ní ta ni ẹ kọ́ nípa rẹ̀? Ó ní Mary Seacole. Lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Mary Seacole. Ìrẹsì ti tán nínú abọ́ o, wọ́n ní ó dùn.

* * *

ÌYÁ TÓBI TÚN KỌ̀WÉ

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka ti Àìná fún Tóbi lálẹ́ àná. Ó bèèrè ìbéèrè méjì tí mi ò lè dáhùn. Àkọ́kọ́, ṣé ó ti ń rántí Yorùbá nígbà tó dàgbà? Ìkejì, ṣé kó tọ́jú 50p náà, ṣé yóò di olówó ńlá lọ́jọ́ iwájú? Bàbá ìyá tèmi náà sì lọ ogun yẹn, mi ò tilẹ̀ ní ìwé rẹ̀ kankan. Níbo ni mo máa wá a?

* * *

ÈSÌ KẸJỌ

Ìyá Tóbi, ti ìkejì ló rọrùn jù. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá irú kọ́ìnì yẹn tí wọ́n rọ. Ẹ fi ra ata.

Ti àkọ́kọ́, ẹ sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ nínú lẹ́tà, àmọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ó padà sí Èkó, ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ, láàárín èèyàn tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè parí ìyókù.

Ti bàbá ìyá yín: bó bá kú sógun, ẹ lọ sórí ìkànnì Commonwealth War Graves, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ bíi pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni. Ẹ yọ gbogbo àmì ohùn. Ẹ pààrọ̀ ṣ sí sh, ẹ pààrọ̀ ọ sí aw, akọ̀wé yẹn kò gbọ́ Yorùbá. Bó bá padà délé, kò ní sí níbẹ̀. Ẹ pe àbúrò ìyá yín tó dàgbà jù lónìí, kí ẹ má dúró de ọjọ́ Àìkú, ẹ bi í lóríkì rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi dúró kí n tó pe tèmi. Nígbà tí mo pè, ó rántí "Àkànní", ó rántí ìlà méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró, ó ní kí n pe òun padà lọ́la tí orí òun bá fúyẹ́.

Ago mẹ́rin àbọ̀ ti lù, aláìsàn mi kan ń tẹ agogo.